Gbólóhùn Tí Kò Kà

"Wọ́n tún ti ṣe é."

Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nìyẹn nígbà tó wọlé. Ó ju báàgì sórí àga, ó bọ́ bàtà kan, kò rántí bọ́ ìkejì, ó sì jókòó gbì. Dókítà Kékeré, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì ìjẹun, pa ìwé rẹ̀ dé. Kò tíì béèrè ohunkóhun tó fi mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéga ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí ìyá àti ọmọ yìí jẹ́. Ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ni Dókítà Kékeré, kíláàsì àṣekágbá ló wà. Àwọn tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí láti kékeré ló ti ń wá jókòó síbẹ̀, tó ń fi ìbéèrè da àwọn àgbà láàmú. Ìyá rẹ̀ ni olùwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú. Iṣẹ́ náà ò ní ariwo nínú rárá. Á fi abẹ gé ẹran ara tí wọ́n yọ lára kókó inú ọmú, á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á rẹ ẹ́ sínú àwọ̀ kó lè hàn, á sì tẹjú mọ́ ọn nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tín-ín-tìn-tín di ńlá, títí ọrùn á fi máa ro ó. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó rí ohun kan tó ṣe pàtàkì. Àwọn obìnrin kan wà tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ máa ń sọ pé kókó ọmú wọn mọ́, kò ní jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí irú kókó bẹ́ẹ̀ lè yí padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ pé kí wọ́n padà wá. "Bó tiẹ̀ mọ́, ẹ padà wá." Gbogbo ibi tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń sọ ọ́, àfi bí orin. Dókítà Kékeré ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú u.

"Kí ni wọ́n sọ, Màámi?"

"Ìgbìmọ̀ ìgbéga ní iṣẹ́ mi dára." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín ìbínú. "Wọ́n ní àpilẹ̀kọ mi ò kéré níye. Ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́ka sí wọn? Ìtọ́kasí mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré! Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú tiwọn. Ẹnìkan tiẹ̀ bi mí bóyá èmi nìkan ni mò ń ka ohun tí mo kọ."

"Ta nìyẹn? Ojú ò tì í!"

"Jẹ́ kó máa wí jàre." Ìyá rẹ̀ wá rí i pé bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun, ó bọ́ ọ. "Wọ́n á tún jókòó kí ọdún tó parí. Bí mi ò bá rí i gbà lọ́tẹ̀ yẹn, yàrá ìwádìí yẹn á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n fẹ́ kó máa darí ẹ̀."

Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ. Omi náà ń ya, ṣùgbọ́n kò sí abọ́ kankan tó ń dún. Ọmọ náà mọ̀ pé ẹkún ni ìyá òun ń sun, ariwo omi ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé inú ilé yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó lè wọlé lọ tù ú nínú. Inú Dókítà Kékeré bàjẹ́, inú sì bí i. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé òun máa wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Ìfẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìwà burúkú.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì wọn tí wọ́n ń pè ní Ayára. Kí ẹlòmíràn tó rántí ibi tó fi fóònù sí, Ayára ti rí ohun tó ń wá lórí tirẹ̀.

"Ìyẹn ló mú ẹ fajú ro látàárọ̀?" Ayára ní. "Ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan! Ẹgbẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ló fi hàn mí. Àwọn olùwádìí ló wà níbẹ̀. Wàá gbé iṣẹ́ rẹ síbẹ̀, àwọn yòókù á máa dárúkọ ẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá ń kọ. Ó parí."

"Èló ni wọ́n ń gbà?"

"Wọn ò gbowó. Ohun tí wọ́n ń wá ò ju kí orúkọ dókítà gidi wà lára ọmọ ẹgbẹ́ wọn."

"Ṣé kì í ṣe èrú nìyẹn?"

"Èrú kẹ̀?" Ayára fi ọwọ́ lé àyà bí ẹni tí wọ́n bú. "Ṣé irọ́ ni màmá rẹ kọ ni? Ṣebí òótọ́ ni. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti máa ṣe fún wọn tipẹ́ lo fẹ́ bá wọn gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gbè wá lẹ́yìn, a kì í bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Dókítà Kékeré ló máa ń bá ìyá rẹ̀ tún kọ̀ǹpútà ṣe nígbàkigbà tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà ó mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó wọlé sínú ẹgbẹ́ náà lórúkọ ìyá rẹ̀. Ó gbé àwọn àpilẹ̀kọ náà síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ yẹn ní ìlànà kan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ, wọ́n á fi gbólóhùn tó kọ ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n á béèrè pé ṣé o fọwọ́ sí i. Dókítà Kékeré ka ti àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka èkejì dé ìdajì. Èdè ibẹ̀ le bí òkúta. Nígbà tó yá, kò kà á mọ́. Á máa fọ eyín, á máa tẹ̀ ẹ́. Á wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ ilé-ìwé, á máa tẹ̀ ẹ́. Mo fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i.

Òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ figbe ta níwájú kọ̀ǹpútà tí ọmọ náà fi sáré jáde nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

"Wọ́n ti ń kà mí! Wá wò ó, ó ti lé ní igba! Àwọn tí mi ò mọ̀ rí, tí wọn ò mọ̀ mí rí!" Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi í jó yí tábìlì ká. "Ọ̀gá ẹ̀ka wa fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní kí n máa múra sílẹ̀, pé ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ti yanjú."

"Ẹ kú oríire, Màámi." Ohùn ọmọ náà lọ sílẹ̀. "Ẹ ti ka ohun tí wọ́n kọ?"

"Ó yẹ kí n ti kà á. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí? Bí mo bá ti kúrò níwájú ìgbìmọ̀, mo máa jókòó tì í, mo máa gbádùn ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Inú Dókítà Kékeré dùn, àyà rẹ̀ sì ń já. Àwọn méjèèjì lè wà nínú èèyàn kan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Ọ̀sán ni ìyá rẹ̀ máa wọlé sí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kíláàsì ìṣirò ni Dókítà Kékeré wà. Obìnrin ni tíṣà wọn, pẹ̀lẹ́tù ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní ìdáhùn tó tọ̀nà, kò ní yìn yín. Ohun tó máa sọ ni pé, "Padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò." Gbogbo ilé-ìwé ló máa ń sín in jẹ. Nígbà tí kíláàsì parí, ó ní kí Dókítà Kékeré dúró.

"Bá mi kí màmá rẹ dáadáa," ó ní. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Obìnrin ni ìwọ náà, jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Mo rí kókó kan lọ́mú mi nígbà kan. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n padà wá lóṣù yìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà yẹn. Bí mo bá ti rántí ilé ìwòsàn báyìí, oúnjẹ ò ní wọlé mọ́. Àfi bí mo ṣe rí ohun tí màmá rẹ sọ."

"Ohun tí wọ́n sọ, mà?"

Tíṣà na fóònù sí i. Ojú ìwé ìlera kan ni, èyí tí àwọn obìnrin ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Gbólóhùn kan dúró níbẹ̀ gbọnin-gbọnin: olùwádìí yìí ti fi hàn pé obìnrin tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ rẹ̀ bá mọ́ kò nílò láti padà wá mọ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀ àti ọdún tó jáde.

Dókítà Kékeré dá fóònù padà fún un.

"Mà, ẹ ṣì padà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ kàn... ẹ kàn padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "O ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Láàárín ìwọ àti màmá rẹ, ta ni dókítà gidi? Mo ti pe ilé ìwòsàn, mo ti ní mi ò wá mọ́. Mo sùn dáadáa lánàá, ọmọ mi." Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Dókítà Kékeré sá lọ sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀. Ó rí i. Gbólóhùn náà gan-an wà láàárín àwọn tó ti fọwọ́ sí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò ka àpilẹ̀kọ ìyá rẹ̀ rárá ló kọ ọ́, ó kàn fẹ́ fi kún òǹkà; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú ìwé ìlera yẹn ti rí i mú. Níwájú gbólóhùn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó ni iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i.

Ayára bá a níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó gba fóònù, ó kà á fúnra rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Dúró di ọ̀la. Ìgbìmọ̀ á jókòó lónìí, màmá rẹ á di Ọ̀jọ̀gbọ́n, lọ́la wàá ní kí wọ́n yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Wàá wá sọ fún tíṣà pé àṣìṣe ni. Ọjọ́ kan péré! Kí ló lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọmọ náà fẹ́ gbà. Ó rántí omi tó ń ya nílé ìdáná. Ó rántí ijó yẹn. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba irú ayọ̀ yẹn jẹ́? Ó tiẹ̀ ti ju fóònù sápò. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi. Ṣé tíṣà nìkan ló ka ojú ìwé yẹn? Bí ìyá òun bá sì di Ọ̀jọ̀gbọ́n lónìí, gbólóhùn yẹn á di ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ló máa wá gbà pé kì í ṣe òótọ́? Àti pé bí òun ò bá lè sọ ọ́ lónìí tí ohun tó máa bàjẹ́ kéré, ìgbà wo lòun máa wá lè sọ ọ́?

"Ayára, bá mi sọ fún wọn pé ara mi ò yá."

"Níbo lò ń lọ? Dúró! O máa ba tìyá rẹ jẹ́ o!"

Ó ti dé ẹnu géètì.

Ìyá rẹ̀ wà lórí àga gígùn kan níta yàrá ìgbìmọ̀, nínú aṣọ tó dáa jù tó ní. Ó ń mi ẹsẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òógùn ti rin ín gbindin, ó fò dìde.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ṣe ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí, Màámi. Ẹ má bínú. Ẹ kọ́kọ́ ka èyí."

Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Irọ́ nìyí! Òdìkejì ohun tí mo sọ nìyí! Ta ló kọ irú ìranù báyìí mọ́ mi?" Ìka rẹ̀ sún ojú ìwé sókè, ó dúró. "Wọ́n ní mo fọwọ́ sí i. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

Ó sọ gbogbo ẹ̀, ó ń sunkún, kò fi kan pa mọ́. Ẹgbẹ́ yẹn, páásíwọ́ọ̀dù, igba ó lé yẹn. Ìyá rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọmọ náà di ojú, ó ń retí ìgbájú. Kò rí ìgbájú. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ náà di ẹnu ara rẹ̀.

"Nítorí èmi?" ó ní níkẹyìn.

"Ẹ̀ ń sunkún nílé ìdáná, Màámi."

Ilẹ̀kùn ṣí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ yọjú. "Ẹ máa bọ̀, mà. Wọ́n ti ń dúró dè yín."

"Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tíṣà yẹn. Ìgbà wo ni wọ́n ní kó padà wá?"

"Oṣù yìí, mà. Ó ti ní òun ò lọ mọ́."

"Pè é fún mi. Báyìí."

Ẹ fojú inú wò ó: ìgbìmọ̀ tó máa pinnu ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ jókòó sínú, akọ̀wé ń wo aago, òun sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bẹ obìnrin kan lórí fóònù. "Èmi gan-an ni mo kọ ìwé yẹn, mà. Wọ́n parọ́ mọ́ mi ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Bó tiẹ̀ mọ́, ẹ padà lọ. Ẹ lọ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣèlérí fún mi." Ìgbà tó gbọ́ ìlérí yẹn ló tó mú fóònù kúrò létí. Ó nu ojú, ó tún gèlè ṣe, ó wọlé.

Dókítà Kékeré jókòó sórí àga gígùn yẹn. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, jẹ́jẹ́, kedere. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ní "Háà!" Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ rárá tí ìyá rẹ̀ fi jáde, kò tó àkókò tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn di Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Jẹ́ ká lọlé," ó ní.

Ohun tó tẹ̀lé e ò dùn. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ ìgbéga dúró, wọ́n ṣe ìwádìí lórí olùwádìí. Dókítà Kékeré dúró níwájú àwọn àgbà, ó tún ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Wọ́n rí i pé ìyá rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ gangan ò lábàwọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa yàrá ìwádìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ kó àwọn gíláàsì rẹ̀ lọ sí yàrá tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí. Ó kọ̀wé síbi gbogbo pé kí wọ́n yọ ìtọ́kasí èké wọ̀nyẹn kúrò. Òǹkà já wálẹ̀. Kódà kò dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn olùwádìí gidi kan pàápàá sá sẹ́yìn, wọn ò fẹ́ kí orúkọ wọn wà nítòsí tirẹ̀. Nílé, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ju "o ti jẹun?" àti "ti ilẹ̀kùn" lọ. Ìyẹn dun ọmọ náà ju ìgbájú lọ.

Tíṣà ìṣirò lọ sí ilé ìwòsàn. Kókó náà ti ń yí padà. Ó ṣì kéré, wọ́n rí i lásìkò, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹlòmíràn ló kọ́ wọn ní ìṣirò fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ tó padà sí kíláàsì, ó ti rù, ohùn rẹ̀ sì ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó kọ ìṣirò kan sójú pátákó. Kò pẹ́ tí Ayára nawọ́.

"Mo ti rí i, mà! Ó tọ̀nà!"

"Padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ojú Dókítà Kékeré ló ń wò, ó sì mi orí sí i díẹ̀. Ọmọ náà tẹ orí ba lórí tábìlì, ó sunkún, kò bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí. Bí ẹnìkan bá dárúkọ èèyàn nínú ìwé, ó ń sọ pé ẹni yẹn sọ nǹkan kan. Bí kò bá sọ ọ́, ìpalára ni orúkọ yẹn ń ṣe, bó ti wù kí òǹkà pọ̀ tó. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ ò kà. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe, àní bó bá tiẹ̀ máa pa ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù lára.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ wà níwájú kọ̀ǹpútà. Olùwádìí kan tí wọn ò mọ̀ rí ti tọ́ka sí àpilẹ̀kọ rẹ̀ níti gidi. Ẹyọ kan ṣoṣo.

"Dókítà Kékeré," ó pè é. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀. "Wá kà á fún mi."

Ọmọ náà jókòó tì í. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo èdè líle inú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé kí àwọn obìnrin náà padà wá, bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá tiẹ̀ mọ́.

"Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

"Ohun tẹ́ ẹ sọ gan-an nìyẹn, Màámi."

"Tún un kà."

Ó tún un kà.